Fáànù kékeré orí bọ́ọ̀dù ló kú, ẹ má tíì ra bọ́ọ̀dù tuntun o: bẹ́ ẹ ṣe máa pààrọ̀ ẹ̀ rèé

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni, ìwé ètò ìsìnkú màmá kan ló wà lójú kọ̀ǹpútà mi ní ṣọ́ọ̀bù wa ní Ṣómólú, ojú ewé 24, àwọn ọmọ olóòkú sì ti sọ pé kó jáde láàárọ̀ Jímọ̀ torí alẹ́ Jímọ̀ náà ni wéèkì. Mo ń to fọ́tò àwọn ọmọọmọ lọ́wọ́ ni kọ̀ǹpútà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Kì í ṣe ariwo tó máa ń pa tẹ́lẹ̀ o, ó dà bí ìgbà téèyàn ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò, á ké fún ìṣẹ́jú kan, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá ó ti dákẹ́ pátápátá, inú mi dùn, mo ní kiní yẹn ti lọ fúnra ẹ̀. Àṣé ìgbà tó dákẹ́ yẹn gan-an ni fáànù kú.

Ká tó wí ká tó fọ̀, flash tí mo kó fọ́tò sí ò hàn mọ́, mouse dúró gbagidi, mo pa kọ̀ǹpútà mo tún tàn án, SSD kejì, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, tí gbogbo iṣẹ́ mi wà, ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọlọ́run ló yọ mí, mo ti fi èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn ránṣẹ́ sí WhatsApp àkọ́bí màmá náà pé kó bá mi wo orúkọ, kọ̀ǹpútà ará ṣọ́ọ̀bù kejì ni mo fi parí ẹ̀. Enjiníà tí mo gbé tèmi lọ bá lọ́jọ́ Ajé ò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní, "Bùọ̀dá, bọ́ọ̀dù ti lọ, ẹ ra òmíràn." Motherboard ló ń sọ, pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́. Mo bi í pé ṣó ti wo inú ẹ̀ dáadáa, ó ní ọjọ́ pẹ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Mo gbé ẹrù mi, mo padà. Nígbà tí mo yọ graphics card, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, kúrò tí mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù síbẹ̀, fáànù kékeré kan ni mo rí, kò fẹ̀ ju páálí ìṣáná lọ, eruku dì mọ́ ọn bí òwú inú mátírẹ́ẹ̀sì, mo fi ìka tì í, kò yí. Òun nìyẹn o. Nǹkan tó pọ́ọ́kú jù lórí bọ́ọ̀dù ló ń jẹ́ kí odindi bọ́ọ̀dù dà bí òkú.

Fáànù wo gan-an là ń sọ?

Nínú kọ̀ǹpútà ńlá, ìyẹn desktop, fáànù pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan wà lórí CPU tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ọ̀kan wà nínú power supply tó ń pín iná, graphics card ní tiẹ̀, ara àpótí náà ní tiẹ̀. Àwọn yẹn, gbogbo èèyàn mọ̀ wọ́n. Èyí tí wọn kì í rántí ni èyí tó jókòó sórí chipset, nísàlẹ̀ bọ́ọ̀dù lápá ọ̀tún, tí graphics card sábà máa ń bò mọ́lẹ̀. Chipset yẹn ló ń bójú tó púpọ̀ nínú àwọn ihò USB, SATA (ibi tí wáyà hard disk ń wọ̀), íntánẹ́ẹ̀tì oníwáyà, àti ihò SSD kejì lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, ṣẹ́ ẹ wá rí i báyìí pé gbogbo nǹkan tó ń pòórá mọ́ mi lọ́wọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni wọ́n ń gbà kọjá.

Kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀dù ló ní i. Láyé 2004 sí 2005, ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tó ń lo chipset nForce4 ló ní i, lẹ́yìn ìgbà yẹn ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, irin lásán ni wọ́n ń dè mọ́ orí chipset. Oṣù keje 2019 ni AMD, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe CPU, wá gbé chipset X570 jáde pẹ̀lú PCIe 4.0, ìyẹn ọ̀nà tí graphics card àti SSD ń gbà bá bọ́ọ̀dù sọ̀rọ̀, chipset yẹn ń jẹ iná tó watt 11, ooru ẹ̀ ò kéré, ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe bọ́ọ̀dù bá tún dá fáànù padà sórí ẹ̀. Nígbà tó di 2021 X570S jáde tí ò nílò fáànù. X570 tòkunbọ̀ ló wà nínú tèmi, òun ni mo sì máa fi ṣàlàyé, àmọ́ tó bá jẹ́ fáànù orí CPU ni tiyín, ọ̀rọ̀ wíwọn àti ọ̀rọ̀ wáyà tí mo máa sọ nísàlẹ̀ kàn yín náà.

Ẹ rí i dájú pé òun ló kú

Ibí yìí lọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á fi app bíi HWiNFO wò ó, wọ́n á rí i pé chipset fan ń yí 0, wọ́n á ní ó ti kú. Ẹ rọra o. Àwọn bọ́ọ̀dù X570 kan wà tó jẹ́ pé tí chipset ò bá tíì gbóná, wọ́n á dá fáànù yẹn dúró fúnra wọn kó má baà pariwo. Fáànù tó ń sinmi yàtọ̀ sí fáànù tó kú. Nítorí náà ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ máa tẹ Delete tàbí F2 léraléra títí BIOS, ìyẹn ojú ètò bọ́ọ̀dù fúnra ẹ̀ tó máa ń wá ṣáájú Windows, á fi ṣí, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ fan control tàbí hardware monitor sí, ẹ yan chipset fan, ẹ gbé e sí full speed. Tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí, ara ẹ̀ le, ẹ wá ìṣòro yín síbòmíràn. Tí ò bá yí, tàbí tó yí tó ń gbọ̀n tó ń ké, ẹ ti mú olè.

Tó bá jẹ́ ariwo nìkan lẹ̀ ń gbọ́ tẹ́ ẹ ò mọ fáànù tó ń pa á, ẹ ká ìwé kan bí ìgbà téèyàn ń ká ẹ̀pà sínú bébà, ẹ ki ẹnu ẹ̀ kan bọ etí, ẹ na ẹnu kejì sí fáànù kọ̀ọ̀kan, ẹ má jẹ́ kó kan an. Ẹ máa mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan máa ń ti ìka bọ fáànù kí wọ́n fi dá a dúró wò, mi ò ní bá yín ṣe ìyẹn, apá fáànù yẹn kéré àmọ́ ó máa ń já, tó bá já tán ẹ ti fọwọ́ ara yín pa èyí tí ì bá ṣì wúlò.

Ẹ wo bó ṣe gbóná náà. Tèmi, nígbà tára ẹ̀ le, kì í ju 65 lọ ní ìwọ̀n Celsius tí mo bá ń ṣiṣẹ́, lálẹ́ tó dákẹ́ yẹn ó ti lé ní 90. Nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀ torí bọ́ọ̀dù ò dọ́gba, ohun tẹ́ ẹ máa wò ni bó ṣe ń gùn ún lọ láìsọ̀kalẹ̀.

Kí ló ń pa á ná? Eruku ni, àti òróró tó gbẹ. Irú fáànù kékeré báyìí, inú ihò kékeré kan tí wọ́n fi òróró díẹ̀ sí ni irin àárín ẹ̀ ti ń yí, bí ooru bá ṣe ń mú un lòróró ń gbẹ, tó bá gbẹ irin á máa ha irin, ìyẹn lariwo ṣíbí àti ìkòkò tí mo sọ. Ní Ṣómólú ńbí tí iyẹ̀fun bébà ń fò láti ibi tí wọ́n ti ń gé ìwé, tí ọyẹ́ tún ń da tiẹ̀ sí i, tí èéfín jẹ́nẹ́ onílé kejì ń gba fèrèsé wọlé, ó yà mí lẹ́nu pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ wọn ọ́n kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Mo tẹnu mọ́ èyí torí èmi gan-an, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ sí Ìkẹjà. Ìgbà àkọ́kọ́ mo kàn ní "fáànù kékeré" ni mo fẹ́, mo gbé èyí tí wọ́n fún mi délé, ihò skrúù ẹ̀ ò bá ti irin orí chipset mu. Owó márúwá dé Fadéyí, owó dáńfó dé Maryland, owó dáńfó dé Ìkẹjà, àti àbọ̀, gbogbo ẹ̀ ṣòfò.

Nǹkan mẹ́rin lẹ máa kọ sílẹ̀. Àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ ẹ̀, ẹ fi rúlà wọn ọ́n láti eteetí dé eteetí, èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ milimítà 40. Ìkejì ni àlàfo láàárín ihò skrúù kan sí èkejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ wọn ọ́n láti àárín ihò dé àárín ihò, fáànù 40 máa ń jẹ́ 32. Tó bá jẹ́ 60 ni, ihò ẹ̀ á jẹ́ 50, tó bá jẹ́ 80 ó máa jẹ́ 71.5, tó bá jẹ́ 92 ó máa jẹ́ 82.5, àwọn yẹn lẹ máa ń rí lórí CPU. Ìkẹta ni bó ṣe nípọn tó, ẹ má fojú tín-ín-rín èyí o, torí graphics card máa padà wá jókòó sórí ẹ̀, tó bá jẹ́ 10 ló wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ lọ ra 20, card ò ní wọlé mọ́. Àwọn tó ń tà á máa ń pe 40 tó nípọn 10 ní 4010, èyí tó nípọn 20 ní 4020, tẹ́ ẹ bá pè é bẹ́ẹ̀ wọ́n á mọ̀ pé ẹ kì í ṣe ọmọdé. Ìkẹrin ni iná, ó wà lára sítíkà àárín ẹ̀, DC 12V àti nọ́ńbà kékeré kan tó máa ń parí sí A. Àwọn X570 kan wà tí fáànù wọn ò ní igun mẹ́rin rárá, ó rí róbótó, skrúù mẹ́ta ló dì í mú. Tí tiyín bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ gbé òun alára dání lọ.

Ẹ yà á ní fọ́tò pẹ̀lú bí wáyà ẹ̀ ṣe gbà lọ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, fọ́tò mẹ́ta mẹ́rin, ọ̀kan láti òkè, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan níbi tí ẹnu wáyà ti wọ bọ́ọ̀dù. Ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ní Computer Village, àdúgbò Òtigba ní Ìkẹjà, fáànù 40 wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà, ó tún wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà 3D printer, ibẹ̀ ni jàǹbá wà. Ẹ wò ó, fáànù 40 ti 5 volt, ti 12 volt àti ti 24 volt, ojú kan náà ni wọ́n ní, bí ìbejì, sítíkà nìkan ló yà wọ́n. Ti 5 tẹ́ ẹ bá fi sí 12, á sáré bí were fún ìgbà díẹ̀, á jóná. Ti 24 tẹ́ ẹ bá fi sí 12, á máa rá pálá, tàbí kó má yí rárá. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi lẹ́ẹ̀kejì ní, "Ọ̀gá, fáànù ni gbogbo ẹ̀ o jàre." Mo ní rárá, àbúrò, bá mi yí i kí n ka ìdí ẹ̀. 24 ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá òmíràn. Ẹ ní kí wọ́n tàn án fún yín kẹ́ ẹ tó sanwó, wọ́n ní power supply nílẹ̀, ẹ gbé e sétí, ẹ fi ọwọ́ gbé e sókè sódò, tó bá ń ké bó ṣe ń yí ipò padà, ẹ dá a padà fún wọn. Tẹ́ ẹ bá rí èyí tí wọ́n kọ ball bearing sí lára, ẹ fowó kún un, ó sábà máa ń fara da ooru ju ti olóròóró lọ.

Ṣíṣí i

Ẹ pa kọ̀ǹpútà bó ṣe yẹ, ẹ yọ wáyà iná ẹ̀ kúrò lára ògiri tàbí lára inverter, kì í ṣe kẹ́ ẹ kàn pa á lójú switch. Ẹ wá tẹ bọ́tìnnì tẹ́ ẹ fi ń tàn án fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá kí iná tó kù nínú ẹ̀ lè jáde. Ẹ fọwọ́ kan irin àpótí ẹ̀ tí wọn ò kùn lọ́dà kẹ́ ẹ tó kan bọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ sì máa kàn án lóòrèkóòrè, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí aṣọ ń ta ṣáṣá lára èèyàn. Ẹ gbé àpótí sùn sórí tábìlì, ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì tàbí kápẹ́ẹ̀tì.

Graphics card ló kàn. Ẹ yọ wáyà iná ara ẹ̀ tó bá ní, ẹ tú skrúù tó dè é mọ́ ẹ̀yìn àpótí, lẹ́yìn náà ìdè kékeré kan wà ní ìparí ihò tó jókòó sí, rọ́bà ni, ẹ tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn kó ṣí kẹ́ ẹ tó fa card sókè. Ibẹ̀ yẹn ló máa ń ṣẹ́ jù torí ìka ò dé ibẹ̀. Ẹ lè fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ìdí bírò tì í, ẹ má fi skrúdíráfà tì í, tó bá yọ̀ á ha bọ́ọ̀dù, tó bá ti ha bọ́ọ̀dù tán ọ̀rọ̀ di ti enjiníà ọjọ́sí lóòótọ́.

Tí ìdérí bá wà lórí chipset, ẹ tú skrúù ẹ̀. Lórí àwọn bọ́ọ̀dù kan, ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù ni skrúù ti wọlé, a jẹ́ pé gbogbo bọ́ọ̀dù máa jáde nínú àpótí nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, ẹ fi í sọ́kàn kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń tú skrúù, ẹ máa lẹ̀ wọ́n mọ́ tépù lórí bébà tẹ́ ẹ ya bọ́ọ̀dù sí, ibi tí skrúù ti wá ni kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọn ò gùn bákan náà, èyí tó gùn jù tẹ́ ẹ bá fi sí ibi tí kì í ṣe tiẹ̀ lè lu bọ́ọ̀dù.

Tí ẹ bá lè yọ fáànù láìyọ irin tó wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ fi irin yẹn sílẹ̀ síbẹ̀, mo bẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹ ti ba ìpara funfun tàbí pẹlẹbẹ rọ́bà tó wà láàárín òun àti chipset jẹ́ nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ nu ti tẹ́lẹ̀ kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ fi tuntun sí i, ẹlẹgẹ́ bíi dígí sì ni ojú chipset, tẹ́ ẹ bá fún skrúù apá kan pa kẹ́ ẹ tó kan èkejì, igun ẹ̀ lè ya. Tó bá di dandan, ẹ fi isopropyl nù ún, tí ò bá sí, spirit láti ilé oògùn, ẹ máa fún skrúù díẹ̀díẹ̀ láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́. Àwọn tó fẹ́ ṣe ti CPU, tó bá jẹ́ AMD AM4 (irú ibi tí CPU AMD kan ń jókòó sí) lẹ ní, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ kẹ́ ẹ tó pa á, kẹ́ ẹ wá rọra yí irin lọ yí i bọ̀ kẹ́ ẹ tó fà á, tẹ́ ẹ bá kàn gbé e fàà, CPU á bá a jáde tòun ti ẹsẹ̀ ẹ̀.

Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì ọ̀dà tí wọn ò tíì lò gbọn eruku inú irin yẹn. Tẹ́ ẹ bá máa lo blower, ẹ di apá gbogbo fáànù tó kù mú, ẹ má jẹ́ kí atẹ́gùn yẹn máa yí wọn, fáànù tí atẹ́gùn bá ń yí lè máa rán iná padà sínú bọ́ọ̀dù.

Láti yọ wáyà fáànù tó kú, orí rọ́bà ẹnu ẹ̀ lẹ máa dì mú, ẹ má fa wáyà. Tí ọwọ́ ò bá gbà, pínsẹ́tì ni.

Wáyà, ẹ fara balẹ̀ níbí

Ká ní Ọlọ́run ṣe é, ẹnu wáyà fáànù tuntun bá ihò orí bọ́ọ̀dù mu, ẹ kàn ń tì í wọlé ni. Fáànù oníwáyà mẹ́ta máa ń wọ ihò oníwáyà mẹ́rin, ibi tí rọ́bà ìdábùú ẹ̀ wà ló máa júwe ọ̀nà, wáyà kan ló máa ṣófo, fáànù á sì máa yí ní gbogbo agbára ẹ̀ àyàfi tí BIOS bá lè dín volt ẹ̀ kù. Kò burú, àmọ́ ẹ máa gbọ́ ọ.

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ò ní bá a mu, torí ẹnu fáànù chipset lórí àwọn X570 kan kéré ju ẹnu fáànù tí wọ́n ń tà lọ́jà lọ. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kẹ́ ẹ wá ihò fáànù mìíràn lórí bọ́ọ̀dù náà tó ṣófo, wọ́n máa ń kọ CHA_FAN tàbí SYS_FAN sí i, ẹ ti ẹnu wáyà bọ ibẹ̀, ẹ lọ sínú BIOS kẹ́ ẹ fún un ní ìyára tó máa dúró lójú kan, bí 60 tàbí 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Tí bọ́ọ̀dù bá ń pariwo pé òun ò rí chipset fan, ẹ sọ fún un nínú BIOS pé kó fojú fò ó. Ohun tí èmi ṣe nìyẹn. Kò sí gígé, kò sí jíjó.

Tí ihò ò bá ṣẹ́ kù, ẹ máa gé ẹnu wáyà fáànù tó kú, ẹ máa so ó mọ́ tuntun. Ẹ fi wáyà tó gùn tó ìka kan sílẹ̀ lára ẹnu yẹn. Àwọ̀ wáyà wá ni kẹ́ ẹ wò dáadáa, torí ó ń tanni. Lára ọ̀pọ̀ fáànù oníwáyà mẹ́ta, dúdú ni ilẹ̀ (ground), pupa ni 12 volt, yẹ́lò ló ń ka iye tó ń yí. Lára ọ̀pọ̀ oníwáyà mẹ́rin, dúdú ni ilẹ̀, yẹ́lò ni 12 volt, gíríìnì ló ń ka yíyí, búlúù ló ń darí ìyára. Ẹ rí i? Yẹ́lò níbí ń ka nọ́ńbà, yẹ́lò lọ́hùn-ún ni iná gan-an. Ẹni tó bá so yẹ́lò mọ́ yẹ́lò torí pé àwọ̀ bára mu, fáànù ẹ̀ ò ní yí, ó tún lè ba ibi tó ń ka yíyí jẹ́. Àwọn mìíràn sì wà tí gbogbo wáyà wọn dúdú látòkè délẹ̀.

Nítorí náà míta tí wọ́n fi ń wọn iná (multimeter) lẹ máa fi wò ó, ẹ má gbára lé àwọ̀. Ẹ ti ẹnu tẹ́ ẹ gé yẹn bọ bọ́ọ̀dù, ẹ ya orí wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tàbí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síra, ẹ fi tépù lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ páálí kí wọ́n má fara kan ara wọn, ẹ tan kọ̀ǹpútà, ẹ sì ti gbé fáànù sí full speed nínú BIOS tẹ́lẹ̀. Míta wà lórí DC 20, ẹnu dúdú ẹ̀ lára irin àpótí, ẹnu pupa ẹ̀ lórí wáyà kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá fún yín ní nǹkan bí 12 ló ṣeé ṣe jù kó jẹ́ iná, àmọ́ tó bá jẹ́ wáyà méjì ló fún yín bẹ́ẹ̀, ẹ má méfò, torí wáyà tó ń ka yíyí náà lè fi nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná pátá, ẹ wá yí míta sí ibi tó ń dún, ẹnu kan lára irin àpótí, èyí tó bá dún lára wáyà tó kù ni ilẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó so wáyà méjì pọ̀, ẹ kọ́kọ́ wọ rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń sún kì tí iná bá kàn án sára ọ̀kan nínú wọn. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ yìí ló ń gbàgbé, wọ́n á jó o tán kó tó yé wọn pé rọ́bà ṣì wà lórí tábìlì. Ẹ lọ́ wáyà méjèèjì mọ́ra, ẹ fi soldering iron mú un gbóná kẹ́ ẹ tó fi léèdì kàn án, kí léèdì yọ́ wọnú wáyà, kì í ṣe kó dúró lórí ẹ̀ bí ìgbẹ́ ẹyẹ. Ẹ jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan jìnnà síra, kí wọ́n má wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Fífi sí i, àti ìdánwò

Afẹ́fẹ́ máa ń jáde níbi tí sítíkà àti apá mẹ́ta mẹ́rin tó gbé mọ́tò dúró wà, ẹ̀gbẹ́ yẹn lẹ máa dojú ẹ̀ kọ irin, kó máa fẹ́ sísàlẹ̀. Àwọn fáànù kan ní ọfà lára ẹ̀gbẹ́ tó ń júwe ẹ̀. Ẹ fún skrúù débi tó bá ti dúró, rọ́bà lara fáànù, tẹ́ ẹ bá fún un jù ó máa tẹ̀, apá ẹ̀ á máa ha ara ẹ̀, ariwo mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìka yí i lẹ́ẹ̀kan kẹ́ ẹ tó bò ó, ó gbọ́dọ̀ yí wẹ́rẹ́. Ẹ fi okùn rọ́bà kékeré de wáyà mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan kó má baà wọnú fáànù kankan.

Ẹ má tíì bo àpótí. Ẹ dá graphics card padà, ẹ tàn án, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ẹ fojú ara yín rí i pé ó ń yí. Ẹ wo BIOS, nọ́ńbà yíyí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ti fáànù kékeré máa ń tó ẹgbẹ̀rún mélòó kan. Tó bá ń yí àmọ́ nọ́ńbà jẹ́ 0, wáyà tó ń ka yíyí ni ò kàn. Lẹ́yìn náà ẹ fún un ní iṣẹ́ gidi. Èmi kó fáìlì ńlá láti SSD kan sí èkejì, mo tún ń kó òmíràn láti flash, wákàtí kan gbáko, HWiNFO wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lọ dé 61, ó dúró síbẹ̀. SSD kejì tí wọ́n ní ó ti bá bọ́ọ̀dù kú ńkọ́? Ó wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́ta ò sọnù.

Tí iṣẹ́ bá há yín mọ́ tẹ́ ẹ ò lè dé ọjà lọ́jọ́ náà, nǹkan kan wà tẹ́ ẹ lè fi sún un síwájú. Ẹ ṣí sítíkà orí fáànù díẹ̀, tí rọ́bà kékeré bá wà lábẹ́ ẹ̀ ẹ yọ ọ́, ẹ fi ẹ̀kán kan péré nínú òróró máṣíìnì tí àwọn aránṣọ ń lò sí i, ẹ yí i lọ́wọ́ títí á fi lọ dáadáa, ẹ nu èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ lẹ sítíkà padà. Òróró máṣíìnì o, kì í ṣe òróró ẹ̀pà, kì í sì í ṣe ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì, torí mo ti rí ẹni tó fi ti jẹ́nẹ́ ẹ̀ sí i, ó dì mọ́ eruku bí ọ̀dà títì. Ó lè ràn yín lọ́wọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kò ní pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tó ti kú náà, kẹ́ ẹ tó jù ú nù, ẹ gé ẹnu wáyà ẹ̀ pamọ́ tẹ́ ẹ ò bá tíì lò ó. Tèmi wà nínú agolo Milo pẹ̀lú skrúù mẹ́rin ẹ̀, ibẹ̀ ni ará ṣọ́ọ̀bù kejì ti wá gbà á lóṣù tó kọjá nígbà tí tiẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ké.